Àjọ kọ́ ni ti Borg: lórí orúkọ tí ó yẹ ọkàn tí a fi ipá so pọ̀

Ẹ̀yin ará,

Àbá mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ fún orúkọ Yorùbá tí a ó fi pe ohun tí àwọn Borg inú eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek jẹ́, ìyẹn ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tí ọkàn kan ṣoṣo ń darí, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè dá ohunkóhun pinnu. Ẹnì kan pè é ní “iyèkan”, òmíràn pè é ní “ọkàn afárá oyin”, ẹnì kẹta sì mú “àjọrò” wá. Kò sí èyí tí mo lè fara mọ́ nínú wọn.

Iyèkan ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá ni iyèkan, gẹ́gẹ́ bí ọbàkan ti jẹ́ ti ọmọ bàbá, òǹkàwé yóò sì máa wá ìyá àwọn Borg kiri. Afárá oyin dùn létí, ṣùgbọ́n inú afárá ni a ti bí oyin, nígbà tí àwọn Borg ń mú ọmọ ọlọ́mọ, tí wọ́n sì ń ki ẹ̀rọ bọ̀ wọ́n lára.

Àjọrò ni ọ̀pọ̀ yín ti tẹ́wọ́ gbà, nítorí náà òun ni mo fẹ́ bá jà. Ẹ wo àjọ tí a ń dá lọ́jà: bó ti wù kí owó pọ̀ tó lọ́wọ́ alájọ, iye tí oníkálukú dá wà lábẹ́ orúkọ tirẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò kó o. Àjọṣe àti àjọsọ pẹ̀lú gbà pé ó kéré tán, ènìyàn méjì wà níbẹ̀ tí èyíkéyìí nínú wọn lè kọ̀. Ta ló ń kọ̀ láàárín àwọn Borg?

Èmi fúnra mi kọ́kọ́ ronú kan “ọkàn àyọ́pọ̀”, bí ìgbà tí a bá yọ́ ìda pọ̀ mọ́ ìda. Picard, ọ̀gá ọkọ̀ òfuurufú nínú eré náà, ló jẹ́ kí n fi í sílẹ̀. Nínú ìpín tó jáde ní 1990, àwọn Borg mú un, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀kan lára wọn tí ń jẹ́ Locutus, wọ́n sì fi ìmọ̀ rẹ̀ pa àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tó padà sílé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ẹkún tó sun ni pé òun gbìyànjú láti dá wọn dúró, agbára òun kò ká a. Ẹni tó ti yọ́ tán kò ní gbìyànjú. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá “ọkàn àfipásopọ̀”: ohun tí a so ṣeé tú. Ọkàn ni mo lò, n kò lo iyè, nítorí inú ọkàn ni ìfẹ́-inú ń gbé.

Ìtúsílẹ̀ yìí kan gírámà wa pẹ̀lú. Nínú ìpín ti 1992, Borg kan tí wọ́n sọ ní Hugh, tí kò mọ̀ ju kó máa pe ara rẹ̀ ní “àwa” lọ, dé ibi tí Picard ti ṣe bí Locutus, tó ní kó ran òun lọ́wọ́ láti mú àwọn ará ọkọ̀. Hugh kọ̀, ó sì pe ara rẹ̀ ní ẹyọ kan, kì í ṣe “àwa” mọ́. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí “n kò ní ṣe é” ti ba ibẹ̀ jẹ́. “Èmi kò ní ṣe é” ló yẹ, nítorí “èmi” nìkan ló lè dojú kọ “àwa” yẹn.

Ohun tí mo rò pé ẹ óò fi bá mi jiyàn ni ti Seven of Nine, obìnrin kan tí àwọn Borg mú, nínú Voyager, eré Star Trek mìíràn, ní 1997. Láti kékeré ni ó ti wà láàárín wọn. Nígbà tí Janeway, ọ̀gá ọkọ̀ Voyager, já a kúrò, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun padà, Janeway sì kọ̀, nítorí kò gbà pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ náà ti lè pinnu fún ara rẹ̀. Àfipásopọ̀ ni ìgbà àkọ́kọ́, mo gbà. Kí ni a ó wá pe èkejì, bí kò bá jẹ́ àfipátú?