Bí RNase H bá lè gé RNA tó lẹ̀ mọ́ DNA, kí ni sẹ́ẹ̀lì tún ń fi àwọn yòókù ṣe?

Olùkọ́ Òkè-Fìà:
Mo kí gbogbo ilé o. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Òṣogbo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà pé sẹ́ẹ̀lì máa ń da ọ̀rọ̀ inú jíìnì kọ sórí RNA, tí RNA yóò sì kúrò lára DNA, ni ọmọbìnrin kan bá dìde, ó ní, "Sà, tí kò bá wá kúrò ńkọ́?" Mo dá a lóhùn bí agbára mi ti mọ, àmọ́ ìdáhùn náà kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Nígbà tí mo délé tí mo kàwé, mo rí i pé RNA lè padà lẹ̀ mọ́ fọ́nrán DNA tí a ti dà á kọ, kí fọ́nrán DNA kejì sì wà lóun nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní R-loop. Mo tún kà pé láti ọdún 1969 ni a ti mọ ẹ́ńsáìmù tó ń gé irú RNA bẹ́ẹ̀, ìyẹn RNase H. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì tún fi ní Senataxin àti ọ̀pọ̀ purotéènì mìíràn? Ṣé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìgbóná:
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. RNase H kì í tú nǹkan kan. Ṣe ló ń gé RNA wẹ́wẹ́, tí yóò sì fi DNA sílẹ̀. Senataxin kì í gé ní tirẹ̀. Agbára ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára lò, ló fi ń bọ́ RNA kúrò lára DNA lódidi. RNase H pàápàá, méjì ni. RNase H1 kò lè gé RNA tí kò bá tó ẹyọ mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn, ó sì tún níṣẹ́ nínú mitokọ́ńdíríà, débi pé eku tí a bá mú jíìnì RNase H1 kúrò lára rẹ̀ máa ń kú sínú oyún. RNase H2 ní tirẹ̀ lè rí ẹyọ RNA kan ṣoṣo tó ṣèèṣì wọ àárín DNA kó sì gé e. Ẹ má fojú kékeré wo èyí sà, nítorí nínú sẹ́ẹ̀lì eku tí kò ní RNase H2, irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan.

Síbẹ̀, lójú tèmi, iṣẹ́ tó pọ̀ jù ni èyí tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe kí R-loop tó wáyé. Aránṣọ ni màmá mi. Kí wọ́n tó fi síìpù sí ẹ̀yìn kaba, wọ́n á kọ́kọ́ gé gbogbo òwú tó bá yọ létí aṣọ. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọ́n mú síìpù kan tó ti há wá: òwú kan ṣoṣo ló wọ àárín eyín rẹ̀, apá kan ti gbé òwú mì, apá kejì ń fì. Wọ́n ní títú u kò le, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi agbára fà á yóò fa aṣọ ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn purotéènì THO ṣe ń di RNA mọ́ra bó ti ń jáde, tí topoisomerase I sì ń tú ìlọ́pọ̀ tó ń kóra jọ sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń ka jíìnì, kí DNA má baà là sílẹ̀ fún RNA láti padà wọlé. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ fi hàn pé bí SRSF1, tó wà lára àwọn tó ń gé RNA tí wọ́n sì ń so ó pọ̀, bá tán nínú sẹ́ẹ̀lì, R-loop á pọ̀, DNA á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Àǹtí Oníṣẹ́ Ìwádìí:
Àbúrò, o ṣeun. Jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ aṣọ tó ń ya yẹn síwájú díẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tó gba Òṣogbo wa kọjá láti Èkó lọ sí Kánò mọ̀ pé irin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá dojú kọ ara wọn, àfi kí ọ̀kan yà dúró ní ibùdókọ̀. Orí DNA kan náà ni ẹ̀rọ tó ń ka jíìnì àti ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà DNA ti ń rìn. Bí wọ́n bá kọrí síbì kan náà, R-loop máa ń dín kù. Bí wọ́n bá kọlura lójúkojú, ó máa ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ ẹ̀dà á dúró, DNA sì lè já. Ibẹ̀ ni BRCA2 àti FANCD2, àwọn purotéènì tó ń dáàbò bo DNA, ti wúlò, tí BRCA1 náà sì ń mú Senataxin wá síbi tí kíka àwọn jíìnì kan ti ń parí.

Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má kọ́ àwọn ọmọ pé ọ̀tá ni R-loop. Òun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe èròjà agbóguntàrùn ń lò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ irú èyí tí wọ́n ń ṣe. Èyí tó pẹ́ jù, tàbí tó wà níbi tí kò yẹ, ni wàhálà.

Dókítà Ọmọdé:
Àwọn àìsàn fúnra wọn ti dáhùn ìbéèrè yín, nítorí bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àìsàn kan náà ni àbùkù wọn ì bá máa fà. Ní ọdún 2006 ni a mọ̀ pé àbùkù nínú RNase H2 wà lára ohun tó ń fa àìsàn Aicardi-Goutières: ọmọ ìkókó ló sábà máa ń mú, ọpọlọ rẹ̀ á bàjẹ́, ara rẹ̀ á sì máa jà bí ẹni pé kòkòrò àrùn wọlé, bẹ́ẹ̀ kò sí kòkòrò kankan. Àbùkù nínú Senataxin, tí a mọ̀ ní ọdún 2004, yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ náà á dàgbà dáadáa, ó di ọ̀dọ́langba kí ìrìn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́.

Olùkọ́ Òkè-Fìà:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bá aránṣọ àdúgbò wa sọ ọ́, ó ti wá síìpù tó há kan fún mi. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin yẹn ni n óò kọ́kọ́ gbé e fún kó tú u.