Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ máa gún bàbá mi ní abẹ́rẹ́ eegun, nígbà tó jẹ́ pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní?

Àbíkẹ́yìn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi. Ó pẹ́ tí ẹ̀yìn ti ń dun bàbá mi, a sì rò pé ara àgbà ni, àfi ìgbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé mọ̀ẹ́lómà ni, ìyẹn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé inú mùdùnmúdùn eegun. Dókítà ní, yàtọ̀ sí oògùn jẹjẹrẹ, wọn yóò máa gba abẹ́rẹ́ kan tí ń jẹ́ zoledronic acid fún eegun, nítorí pé mùdùnmúdùn náà wà lára ohun tó ń bọ́ àìsàn ọ̀hún. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni inú eegun ṣe lè máa bọ́ ohun tó ń jẹ ẹ́ run? Ẹ̀gbọ́n wa kan tilẹ̀ ní kí a máa se eegun màlúù fún wọn, kí mùdùnmúdùn wọn lè tún ara ṣe.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run yóò fún Bàbá ní àlàáfíà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Inú mùdùnmúdùn ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì alágbàtọ́ sì wà níbẹ̀ tó ń di sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ mú, tó sì ń tọ́ wọn dàgbà. Bí sẹ́ẹ̀lì mọ̀ẹ́lómà bá ti lẹ̀ mọ́ àwọn alágbàtọ́ yìí, àwọn alágbàtọ́ náà a máa tú èròjà kan tí ń jẹ́ IL-6 jáde, èyí tó ń mú kí jẹjẹrẹ náà máa pọ̀ sí i. Lílẹ̀ mọ́ra yẹn náà kì í sì í jẹ́ kí oògùn ràn án bó ṣe yẹ. Jẹjẹrẹ ọ̀hún a tún máa ru àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun sókè, a sì máa dá àwọn tó ń mọ eegun lọ́wọ́ kọ́. Bí eegun bá ṣe ń jẹ, àwọn èròjà tó tú jáde láti inú rẹ̀ a di oúnjẹ fún jẹjẹrẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun yìí ni abẹ́rẹ́ náà ń kápá. Ẹ rí i pé wọ́n yẹ eyín àti kíndìnrín Bàbá wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí ó lè ba eegun àgbọ̀n jẹ́ nígbà mìíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn: Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kan ròyìn pé àwọn yọ jíìnì Dicer1 kúrò nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dàgbà di èyí tó ń mọ eegun lára eku, láìfọwọ́ kan jíìnì sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn eku náà dàrú, ó sì di jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lára díẹ̀ nínú wọn. Eku ni o. Mi ò sọ pé bí ti Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àbíkẹ́yìn: Ẹ ṣeun gan-an. Ọbẹ̀ eegun wá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Bí ó bá wù wọ́n, tí dókítà kò sì ní kí wọ́n yẹra fún un, kí wọ́n jẹ ẹ́. Ikùn ni yóò dà á. Kò ní wọ inú eegun lọ di mùdùnmúdùn, kò sì gbọdọ̀ gba ipò oògùn.