Gìgísẹ̀ ń dun ọmọ mi tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kí lẹ ṣe fún tiyín?

Màmá Dámi, London: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù dé báyìí gìgísẹ̀ ló máa dì mú, tílẹ̀ bá mọ́ á máa fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn lọ báàtìrúùmù. Bàbá ẹ̀ ní kí n fi Rọ́ọ̀bù ra á, mo ra á títí, kò lọ. Ẹ gbà mí o.

Àńtí Físíò, Manchester: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó jọ Sever's gan-an, ìyẹn ìrora gìgísẹ̀ àwọn ọmọ tó ń dàgbà. Ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ọmọdé, ibì kan wà tí eegun ti ń dàgbà, kò tíì le, ibẹ̀ náà sì ni iṣan ńlá ẹ̀yìn ẹsẹ̀ so mọ́, tọ́mọ bá wá ń ga lójijì tó tún ń sáré tó ń fò, iṣan yẹn á máa fa ibẹ̀ ṣáá. Ẹ fi ọwọ́ fún gìgísẹ̀ yẹn lọ́tùn-ún lósì pọ̀, tó bá kígbe, ibẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀lẹ o, ẹ má jẹ́ kí kóòṣì pè é bẹ́ẹ̀! Rọ́ọ̀bù ò lè débẹ̀. Ẹ dín eré kù, ẹ fi yìnyín tẹ́ ẹ wé láṣọ lé e fún ìṣẹ́jú 15, ẹ ra gel heel pad (tìmùtìmù gìgísẹ̀) sínú bàtà ẹ̀ méjèèjì, kó má sì rin ẹsẹ̀ lásán nínú ilé. Téegun bá ti dì tán, bíi ọdún 15, á lọ pátápátá.

Bàbá Tólú, Houston: Tiwa níbí, ìgbọ̀nwọ́ ni, nítorí bésíbọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 11 sí 12 ò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ gbá a kọjá ìgbà 85 lọ́jọ́ kan, àmọ́ tó bá wà ní tíìmù méjì, kóòṣì yìí ò ní ka ti tọ̀hún, ẹ̀yin òbí lẹ máa kà á.

Àńtí Físíò: Òótọ́ lẹ sọ, sà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ èyí náà, torí ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, pàápàá tó bá sanra díẹ̀: ọmọ tó ń bàlágà, tó ń tiro, tó ní orúnkún tàbí itan ló ń dun òun, ó lè jẹ́ pé orí eegun itan ló ti ń yọ̀ kúrò láyè ẹ̀ níbàdí. Ẹ ò ní dúró de GP (dókítà àdúgbò yín) o, A&E (ẹ̀ka pàjáwìrì ní ọsibítù) lọ́jọ́ náà, kó má tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n ya x-ray ìbàdí, kì í ṣe orúnkún nìkan.

Màmá Dámi: Há, mo fún gìgísẹ̀ ẹ̀ pọ̀, ó kígbe lóòótọ́! Ẹ ṣé gan-an. Bọ́ọ̀lù skúùlù, ti kíláàbù, ti Sátidé, èwo ni kí n yọ?

Àńtí Físíò: Ẹ ro wákàtí gbogbo ẹ̀ pọ̀ mà. Ọmọ ọdún 11, kó má ju wákàtí 11 lọ lọ́sẹ̀ kódà tára ẹ̀ bá yá, kó sì sinmi ó kéré tán ọjọ́ kan. Ní báyìí tó ń dùn ún, èyí tí wọ́n ń gbá lórí ilẹ̀ líle ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ.