Tánkì omi kọ́ o, katakata ogun ni

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ lórí orúkọ tó yẹ ká máa pe tánkì ní Yorùbá, ìyẹn tánkì àwọn ológun, mi ò kọ́kọ́ fẹ́ dá sí i torí mi ò fojú ara mi rí nǹkan ọ̀hún rí, àmọ́ mo ti wá lọ wò ó báyìí, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méje la jọ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn tánkì tó wà ní Bovington, ní Dorset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ sì kún inú mi nígbà tí a dé.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí ló burú nínú “tánkì”, pé gbogbo ayé ló ń pè é bẹ́ẹ̀, àti pé ṣebí “àgbá” tí à ń pe àgbá epo náà la tún ń pe àgbá ìjà, kò sì sẹ́ni tó ń ṣì í gbọ́. Àpẹẹrẹ àgbá yẹn dáa, ó mú mi ronú gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. A dé iwájú Little Willie, òun ló dàgbà jù nínú gbogbo tánkì tó ṣì wà láyé, ọdún 1915 ni wọ́n ṣe é, mo ní kí ọmọ wá wo tánkì, ó wò ó, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní “Dádì, ibo ni omi ń gbà jáde?” Mi ò lè bá a wí. Àpótí irin gbàǹgbà ni, pátákó irin tí wọ́n fi ìṣó olórí rìbìtì kàn mọ́ra, kò sí àgbá ìjà kankan lórí rẹ̀, bí ẹ bá yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò ẹ ó kàn máa wá ibi tí ẹ ó ti rọ omi sí i ni.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé irú ìbéèrè tí ọmọ yẹn bi mí ni àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ fẹ́ kí ọ̀tá máa bèèrè. Ní February 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, Winston Churchill, olórí ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn, ló wà nídìí ẹ̀, landship ni wọ́n sì ń pe nǹkan náà nígbà yẹn, ọkọ̀ òkun tó ń rìn lórí ilẹ̀ ni ká pè é. Orúkọ yẹn ti tú àṣírí jù, nígbà tó máa fi di ìparí ọdún náà wọ́n ti pa á dà sí tank, wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jó irin gbà pé nǹkan tí wọ́n ó fi máa gbé omi ni, wọ́n tiẹ̀ fi lẹ́tà Rọ́ṣíà kọ ọ́ sára wọn pé kí wọ́n rọra gbé e lọ sí Petrograd, ìlú kan ní Rọ́ṣíà. Torí náà ẹ̀gbọ́n mi, àgbá epo àti àgbá ìjà jọra, méjèèjì rí róbótó, inú wọn sì ṣófo, ìjọra ló bí orúkọ. Ti tánkì, ẹ̀tàn ló bí i. Ogun yẹn ti parí tipẹ́, ta la tún fẹ́ tàn?

Gbogbo ayé kọ́ ló sì ń pè é ní tank o. Àwọn Jámánì ń pè é ní Panzer, ìhámọ́ra nìyẹn, orúkọ rẹ̀ ní kíkún túmọ̀ sí ọkọ̀ ìjà tó wọ ìhámọ́ra. Àwọn Faransé ń pè é ní char, ohun kan náà tí wọ́n ń pe kẹ̀kẹ́ ogun ayé àtijọ́. Àwọn ará Poland ní czołg, inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn máa rá ni wọ́n ti yọ ọ́, Lárúbáwá náà ní dabbāba, nǹkan tó ń rá. Èyí wo ara rẹ̀ ó sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹn wo ìrìn rẹ̀. Àwa náà ní ojú.

Èwo ni ká mú nínú èyí tí ẹ dá lábàá? “Ọkọ̀ ogun” ti fẹ̀ jù, ó kó ti ojú omi mọ́ ọn, ó kó ti òfurufú mọ́ ọn, kódà lọ́rí tó ń kó sójà náà ọkọ̀ ogun ni. “Kẹ̀kẹ́ ogun” dùn létí, àmọ́ ẹni tó bá ti ka Bíbélì, ẹṣin Fáráò ló máa rí. “Ọkọ̀ alápata” ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn nítorí apata, ti apata ìgbàgbọ́ nínú Éfésù, àfi ìgbà tí mo kọ ọ́ láìfi àmì sí i bí a ṣe máa ń kọ ọ́ lórí fóònù, ó di ọkọ̀ alápatà, ọkọ̀ ẹni tó ń pa màlúù. A ò lè fi irú ìyẹn lé àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Katakata ogun lèmi fara mọ́. Ní ọjọ́ tí a lọ wọ́n wa ọ̀kan jáde sí pápá, mo dúró ti irin ìdènà, mo tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, irin tó so kọ́ra tó fi ń rìn dípò táyà. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí fọ́tò ò lè fi hàn yín. Apá tó wà nílẹ̀ nínú irin tó so kọ́ra yẹn kì í sún! Ọkọ̀ náà ló ń kọjá lórí rẹ̀. Ó ń tẹ́ irin síwájú, ó ń gorí rẹ̀, ó sì ń ká a lẹ́yìn, bí ẹni tó ń tẹ́ ẹní síwájú ara rẹ̀ kó má bàa fẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀. “Ṣéènì” ni ọ̀pọ̀ ń pè é, àmọ́ mo fẹ́ ká pè é ní ẹní irin. Ta ló sì ti ń rìn báyẹn tẹ́lẹ̀ tí a ti fún lórúkọ? Katakata tó ń ro oko, tó ń la ọ̀nà. Ìtàn náà gbè mí lẹ́yìn, torí iléeṣẹ́ Foster ní Lincoln tó ṣe Little Willie, ẹ̀rọ oko ni iṣẹ́ wọn, katakata Holt láti Amẹ́ríkà tó ń fa àgbá lójú ogun sì wà lára ohun tó ta àwọn tó ronú kan ọkọ̀ yìí lólobó.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní katakata túmọ̀ sí rògbòdìyàn. Nínú píjìn nìyẹn. Ẹni tó bá ń sọ Yorùbá tó ní “katakata wọ oko”, kò sẹ́ni tó máa rò pé ìjà ló wọ oko.

Ohun mìíràn tó mú inú mi dùn ni Mark I, tánkì àkọ́kọ́ tó jagun, èyí tí wọ́n kó lọ sójú ogun ní Somme nílẹ̀ Faransé ní September 15, 1916, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù láyé, Bovington ló sì wà. Èyí tó ru àgbá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n pè ní akọ, èyí tó jẹ́ ìbọn arọ̀jò-ọta nìkan ló ní ni abo. Ẹ ò rí i pé ti wa ni! Àwa tí à ń sọ akọ òkúta, akọ ibà, akọ katakata ò lè ṣòro fún wa. Èèyàn mẹ́jọ ló ń wà nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnì wà láàárín wọn láìsí ògiri kankan, mẹ́rin nínú wọn ló ń bá ìwakọ̀ jà, ariwo ò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra wọn, irin ni wọ́n fi ń lu ìdérí ẹ́ńjìnì kí ti ẹ̀yìn lè mọ jíà tó máa fà.

Ọkọ̀ oníhámọ́ra tó ń fi táyà rìn kò sí lára katakata ogun o, ẹ jẹ́ ká máa pe ìyẹn ní ọkọ̀ ìhámọ́ra. Èyí tó kù tí mi ò tíì yanjú ni apá òkè tó ń yí po pẹ̀lú àgbá, èyí tí tánkì Renault FT àwọn Faransé gbé jáde lọ́dún 1917. “Ilé ìbọn” tí ẹnì kan kọ ń dún bí ibi tí wọ́n ń kó ìbọn pa mọ́ sí. Orí ni mo ń rò ní tèmi, torí ó ń yí lórí ọrùn, ohun tó ń bo ihò tí wọ́n ń gbà wọlé lókè rẹ̀ sì ti ní orúkọ lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀, ìdérí ni. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa ju orí lọ kó jọ̀ọ́ mú un wá, mo ṣe tán láti gbà á, ẹní irin nìkan ni mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ mi.