Àbọ̀ ọ̀rọ̀ bíréèkì Morris Minor 1000: ó ti ń mú

Mo béèrè lọ́wọ́ yín ìdí tí bíréèkì Morris Minor 1000, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ́ńjìnnì 1098 cc, kì í fi mú àfi ní ìtẹ̀ kejì. Ìmọ̀ràn ẹni tó ní ká yẹ adjuster (ohun tí à ń yí láti sún bíréèkì mọ́ ara) wò ló ṣiṣẹ́ jù. Ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan ní adjuster méjì, torí sílíńdà bíréèkì méjì ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré la ti ń yí níwájú! Ẹ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí táyà yóò fi há, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí táyà yóò fi máa yí geere. Ìtẹ̀ kan ti tó báyìí.

Yíyọ afẹ́fẹ́ nínú ọ́ìlì bíréèkì ṣèrànwọ́ díẹ̀. Ó ku sílíńdà àgbà (master cylinder, tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí àwọn ẹsẹ̀) tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, tó ṣì ń jò: torsion bar (ọ̀pá irin tó ń ṣiṣẹ́ bíi sípíríǹgì fún ẹsẹ̀ iwájú) dí àwọn bolt tó dè é lọ́nà, àfi ká kọ́kọ́ sún ọ̀pá náà kúrò. Ẹ ṣé gan-an.