Houseboat kì í lọ síbì kankan: ẹ wá sọ tiyín nípa Dal Lake ní Kashmir

Àdùkẹ́ Delhi:

Kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ má baà débẹ̀ kẹ́ ẹ máa wò ṣùù: houseboat tí gbogbo ayé ń torí ẹ̀ lọ sí Dal Lake yẹn, kì í lọ síbì kankan o. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ni. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sẹ́ni tó ń wà á, ilé ni, orí omi ló kàn wà. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìlọrin tá a jọ lọ ti rò pé wọ́n máa gbé wa yí adágún ká ni, ló bá bi onílé pé aago mélòó la máa ṣí, ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Srinagar ni mò ń sọ, ní Kashmir, lókè téńté Íńdíà lọ́hùn-ún. Delhi ni mo ti ń kàwé nígbà yẹn, ooru oṣù karùn-ún ló lé wa jáde, torí ooru Delhi lóṣù yẹn, iná ni jàre. Ẹ̀ẹ́ wọ bàálù, kò ní í tó wákàtí méjì, ẹ ti débi tẹ́ ẹ ti máa máa wá súwẹ́tà kiri. Ìlú náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,580, òkè Zabarwan wá dúró gbagidi lẹ́yìn omi, láàárọ̀ tí atẹ́gùn ò tí ì dìde, ẹ̀ẹ́ rí òkè yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nínú omi, orí ti kejì sì wà nísàlẹ̀.

Ìtàn àwọn ilé yìí dùn mọ́ mi. Ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ti gbilẹ̀. Òtútù Kashmir wù wọ́n, wọ́n fẹ́ máa wá sinmi níbẹ̀ tí ooru bá ti mú nísàlẹ̀, àmọ́ Maharaja tó ń jọba níbẹ̀ ò gbà kí àlejò ra ilẹ̀. Ṣé ẹ mọ Gẹ̀ẹ́sì kẹ̀, wọ́n ní tẹ́ ẹ ò bá fún wa nílẹ̀, omi ńkọ́? Ni wọ́n bá ń gbé orí omi, nínú ilé tó ní pálọ̀, yàrá oúnjẹ, bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù wọn lọ ní 1947, wọn ò lè gbé ilé dání. Àwọn Hanji, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìdílé wọn ni ọkọ̀ wíwà, ló ń bójú tó o títí dòní.

Igi deodar ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Òórùn igi yẹn á ti pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó wọlé. Èyí tó jẹ́ kí n pẹ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ tá a dé ni àjà yàrá: igi wẹ́wẹ́ ni, wọ́n gé e lóríṣiríṣi, wọ́n wá fi há ara wọn lẹ́nu, kò sí ìṣó kankan níbẹ̀. Mo dùbúlẹ̀, mò ń wá ibi tí igi kan ti pàdé èkejì, mi ò rí i títí mo fi sùn lọ.

Àmọ́ ṣá, tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ ti wọlé nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra omi lásán, àfi kẹ́ ẹ pe shikara, ọkọ̀ pẹẹrẹ tí wọ́n ta ìbòrí aláràbarà lé lórí, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, àjẹ̀ náà sì rí bíi ewé kókò lẹ́nu. Ẹ̀yin ò lè lọ sọ́jà, ọjà wá ń bọ̀ wá bá yín. Ẹ ò tí ì mu tíì tán, ẹnì kan ti fi ọkọ̀ fara ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ń tú ìborùn pashmina sílẹ̀, ẹni tó ń ta òdòdó wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹni tó ń ta ẹ̀gbà ọrùn wà lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ń ta saffron, èròjà oúnjẹ olówó gọbọi yẹn, náà ò gbẹ́yìn. Wọn ò ní í bínú o, wọn ò sì ní í lọ. Ọ̀kan sọ iye kan fún mi, mo ní ìdá mẹ́rin ẹ̀ ni mo ní, ó gbá àyà mú, ó ní mo fẹ́ pa òun, mo ní èmi tí mo ti ń ná aṣọ ní Gbági láti kékeré, kò sí bó o ṣe máa gbá àyà mú tí mi ò tí ì rí. Ó wá tà á ní ìdajì. Mo ṣì mọ̀ pé ó jèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ má torí oorun pàdánù ọjà àárọ̀ o. Ẹ sọ fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́ kó wá kó yín nígbà tí ilẹ̀ ò tí ì mọ́. Òkùnkùn ṣì wà, òtútù ń mú, ẹ máa kàn gbọ́ ohùn lọ́ọ̀ọ́kán, ilẹ̀ á wá máa là, ẹ̀ẹ́ sì rí i pé inú ọjà lẹ wà. Ọkùnrin ni èyí tó pọ̀ jù lára wọn, wọ́n lóṣòó sí imú ọkọ̀, kùkúńbà, tòmátì, ẹ̀fọ́, igbá, àti gbòǹgbò nadru kún ọkọ̀ bámúbámú. Ọkọ̀ ń kọ lu ọkọ̀, ẹnì kan á na òṣùwọ̀n sókè lọ́wọ́, èkejì á ní irọ́ ni, wọ́n á jà sí i díẹ̀, wọ́n á da ẹrù látinú ọkọ̀ kan sí èkejì, ó parí. Oòrùn ò ní í tí ì ràn dáadáa tí wọ́n fi máa tú ká.

Àwa tá a máa ń gbàdúrà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ẹ wá wo àwọn èèyàn tó ń gbin tòmátì sórí ẹ̀! Lóòótọ́ ni o. Wọ́n ń di koríko omi pọ̀ mọ́ra, wọ́n á da ẹrẹ̀ lé e, ó di oko, oko náà sì ń léfòó. Ọlọ́kọ̀ wa ní àwọn olè máa ń wọ́ oko olóko lọ lóru nígbà mìíràn, mo rò pé àpárá ni, àṣé ìtàn àtayébáyé ni níbẹ̀. Nadru tí mo dárúkọ yẹn náà, lára òṣíbàtà tiwọn ló ti wá, wọ́n máa ń dín in, ó máa ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ lẹ́nu. Àmọ́ èpò omi náà ti pọ̀ kọjá àdúrà, mo rí ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n fi ń kó o kúrò lójú omi. Ká sọ òótọ́, adágún yẹn ń rù. Ẹ̀gbin ìlú ń wọnú ẹ̀, ti inú houseboat náà sì ti ń wọnú ẹ̀ tipẹ́, àwọn ibì kan wà tí òórùn ò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ ya fọ́tò. Àwọn tó ń polówó ibẹ̀ kì í sọ ìyẹn.

Ti ọgbà, Shalimar lorúkọ ẹ̀ tàn jù, Jahangir, ọba Íńdíà láyé àtijọ́, ló ṣe é ní 1619, torí Nur Jahan ìyàwó ẹ̀. Ó dára, èrò pọ̀. Nishat lèmi fẹ́ràn ní tèmi, ẹ̀gbọ́n Nur Jahan, Asif Khan, ló ṣe ìyẹn ní 1633. Ipele méjìlá ló ní látòkè wálẹ̀, omi ń ṣàn gba àárín gbogbo ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gun ti òkè pátápátá tẹ́ ẹ wá yíjú padà, gbogbo adágún ló tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín. Wọ́n ní ìlara ẹ̀ mú Shah Jahan tó jẹ́ ọba débi pé ó ní kí wọ́n ti omi ẹ̀ pa, ọgbà wá gbẹ táútáú, ìránṣẹ́ Asif Khan kan ló yọ́ lọ ṣí i padà. Àna ẹ̀ mà ni Asif Khan o! Owú ọba.

Ọ̀rẹ́ mi kírun Jímọ̀ ní Hazratbal, mọ́ṣáláṣí funfun etí omi, ibẹ̀ ni wọ́n tọ́jú irun tí wọ́n gbà pé ti Ànábì ni sí. Èèyàn ń bọ́ sínú èèyàn. Ó ní ọjọ́ yẹn nìkan ló tó òun.

Bọ̀dá Leeds:

Àdùkẹ́ o ṣeun, o mú mi rántí. Ìgbà òtútù ni èmi lọ ní tèmi, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù. Láti December 21, ogójì ọjọ́ ni wọ́n ń pè ní Chillai Kalan, òtútù ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ, ojú omi á dì bí yìnyín láwọn ibì kan, ọlọ́kọ̀ á máa fi àjẹ̀ fọ́ ọ kó tó lè kọjá. Èmi tí mo ń gbé ní Leeds, mo rò pé mo mọ òtútù! Ìyá onílé rí mi tí mò ń gbọ̀n, ó gbé pheran wọ̀ mí, aṣọ wọn tó fẹ̀ bí agbádá, ó wá fi kangri sí mi lábẹ́ ẹ̀, ìkòkò amọ̀ kékeré tí wọ́n fi agbọ̀n hun yí ká, ẹ̀yinná wà nínú ẹ̀. Iná lábẹ́ aṣọ ẹni! Àyà mi já, mo jókòó bí igi. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, mo ti ń tòògbé. Ẹ má gbàgbé kahwa o, tíì tí wọ́n ń fi saffron sí. Tíì wọn kejì, èyí pupa tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí yẹn, mi ò lè mu ún tán.

Ìyá Tádé:

Ẹ kú ìrìn o. Ṣé kò séwu níbẹ̀ ṣá? Mi ò mọ omi wẹ̀, mo sì ń gbọ́ nǹkan nípa Kashmir.

Àdùkẹ́ Delhi:

Mọ̀mí, ẹ má bẹ̀rù omi, kò jìn níbi tó pọ̀, ẹ ṣáà ní kí wọ́n fún yín ní jákẹ́ẹ̀tì tó ń léfòó kẹ́ ẹ tó gbéra. Ti ewu kejì, mi ò ní í purọ́ fún yín mà, sójà wà lójú ọ̀nà káàkiri, ní April 2025 wọ́n pa èèyàn 26 ní Pahalgam, ní Kashmir níbẹ̀, àwọn àlejò sì sá lọ lẹ́yìn ẹ̀. Torí náà ẹ gbọ́ ìròyìn dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Nǹkan kan tún wà o, káàdì fóònù prepaid tẹ́ ẹ bá rà ní Delhi ò ní í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, postpaid nìkan ló ń lọ, ẹ yáa sọ fún Tádé kó má retí ìpè yín, Wi-Fi inú houseboat lẹ máa fi bá a sọ̀rọ̀, ó sì máa ń já dáadáa.