Éésì ọkọ̀ mi ń tutù lójú ọ̀nà, ó ń gbóná nínú gó-sílò: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Corolla 2005 ni mo ń wà. Tí mo bá bọ́ sí ọ̀nà Ṣàgámù tí ọkọ̀ ń sáré, éésì rẹ̀ á tutù nini. Ṣùgbọ́n tí mo bá kó sínú gó-sílò ní Pánṣẹ́kẹ́, ooru ni á máa fẹ́ sí wa lójú. Ara ìyá mi ò gba ooru, èmi ni mo sì ń gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ìdí-Àbà, ìdí nìyẹn tọ́rọ̀ yìí fi ká mi lára.

Ẹni tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò ní gáàsì ló tán, òun á rọ òmíràn. Ọkàn mi ò gbà á. Gáàsì éésì kì í jó tán bí epo bẹntiróòlù. Inú páìpù tó dé pa ló ti ń yípo. Tó bá dín kù, ó ń jò níbì kan ni. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tan éésì: fáànù iwájú ò yí rárá, eruku pupa sì ti bo ojú kọ́ńdẹ́ńsà, ìyẹn àwọ̀n irin iwájú ọkọ̀ tí gáàsì ti ń tu ooru rẹ̀ dànù. Mo tún rí òróró níbi tí páìpù kan ti so mọ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri, eruku lẹ̀ mọ́ ọn. Òróró àti gáàsì ló jọ ń rìn nínú rẹ̀, ìyẹn ló ń fu mí lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fáànù ni kí n kọ́kọ́ mú, àbí ibi tó ń jò? Ta ló mọ oníṣẹ́ éésì nítòsí Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá tó ní géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì, tó sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde kí wọ́n tó rọ gáàsì R134a tí ọkọ̀ mi ń lò? Èló ni wọ́n ń gbà báyìí?